Bẹ́ ẹ ṣe lè jiyàn quarterback lẹ́yìn géèmù tí ẹnì kankan ò ní fi yín ṣe yẹ̀yẹ́

Géèmù á parí báyìí, kí wọ́n tó bọ́ àṣíborí lórí tán, ẹnìkan á ti figbe ta pé quarterback yìí (QB, ẹni tó ń darí tíìmù tó sì ń ju bọ́ọ̀lù) ò mọ nǹkan kan, ẹlòmíì á ní irọ́ ni, òun gan-an ló gbé tíìmù yẹn débi tó dé, kó tó tó ìṣẹ́jú márùn-ún wọ́n ti ń bú bàbá ara wọn. Tẹ́ ẹ bá wá fara balẹ̀ gbọ́ wọn, kì í ṣe ọ̀rọ̀ kan náà ni wọ́n ń sọ. Èmi náà ti wà nídìí ẹ̀ dáadáa, mo ti jẹ́ ẹni tó ń pariwo, mo sì ti jẹ́ ẹni tí wọ́n fi nọ́ńbà gbá mọ́lẹ̀ tí mi ò lè fèsì, ìyẹn ló jẹ́ kí n wá kọ́ bí wọ́n ṣe ń ṣe é. Futubọ́ọ̀lù Amẹ́ríkà ni mò ń wí o, ti NFL, líìgì wọn tó ga jù, èyí tí wọ́n ń fọwọ́ jù, kí ẹni tó ń retí sọ́kà má bàa bínú sí mi.

Ẹ kọ́kọ́ jẹ́ kára yín wálẹ̀. Mi ò ní kẹ́ ẹ lọ sùn o, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ téèyàn bá sọ láàárín ìṣẹ́jú mẹ́wàá àkọ́kọ́ lẹ́yìn tí tíìmù ẹ̀ fìdí rẹmi, ojú máa ń ti èèyàn tó bá di ọ̀sán ọjọ́ kejì. Mo ní ọ̀rẹ́ kan tó jẹ́ pé ọ̀sọ̀ọ̀sẹ̀ ló ń lé quarterback tíìmù ẹ̀ kúrò níṣẹ́, tó bá tún di ọjọ́ Sunday tó ń bọ̀ ẹ ó rí i tó ti wọ jẹ́sì ọkùnrin náà tó ń pè é ní ẹ̀gbọ́n mi. A kì í bá irú ẹ̀ jiyàn lójú ẹsẹ̀, ẹ jẹ́ kó jẹun ná.

Lẹ́yìn ìyẹn, kẹ́ ẹ tó la ẹnu, ẹ bi onítọ̀hún pé kí là ń jà lé lórí gan-an? Torí ìbéèrè mẹ́ta ló wà níbẹ̀ tí gbogbo ayé ń pò pọ̀ bí àmàlà: ṣé tíìmù ẹ̀ borí, ṣé òun fúnra ẹ̀ ṣeré dáadáa lọ́jọ́ yẹn, ṣé QB tó dáa ni lápapọ̀. Èèyàn lè dáhùn bẹ́ẹ̀ ni sí ọ̀kan kó sì dáhùn bẹ́ẹ̀ kọ́ sí èkejì, kò sì purọ́. Ẹ wo Super Bowl 50, àṣekágbá NFL ní February 2016, Peyton Manning, QB Broncos, ju bọ́ọ̀lù 23, àwọn ẹlẹgbẹ́ ẹ̀ mú 13, yáàdì 141 péré, kò ju touchdown kankan (bọ́ọ̀lù tó dé òpin pápá alátakò), alátakò sì já bọ́ọ̀lù kan gbà lọ́wọ́ ẹ̀ (interception nìyẹn), síbẹ̀ Broncos na Panthers 24 sí 10, òun ló gbé ife. Kí ló ṣẹlẹ̀? Von Miller àtàwọn Broncos tí wọ́n jọ ń dí ọ̀nà ló ṣiṣẹ́ ọjọ́ yẹn, wọ́n gbé Cam Newton, QB Panthers, ṣubú ìgbà mẹ́fà, Von Miller náà ni wọ́n fún ní MVP, ẹ̀bùn ẹni tó ṣeré jù lọ. Ọdún méjì lẹ́yìn ẹ̀, Tom Brady, QB Patriots, ju yáàdì 505 nínú Super Bowl, touchdown mẹ́ta, interception òdo, Eagles na tiẹ̀ 41 sí 33. Tó bá jẹ́ ẹni tó gbé ife ló ṣeré jù, a jẹ́ pé alẹ́ tí Manning ní yẹn ju ti Brady lọ nìyẹn, ẹnikẹ́ni tó bá sì sọ bẹ́ẹ̀, ẹ rọra wo ojú ẹ̀ bóyá ó ti mutí.

Ọ̀rọ̀ pé "QB yìí ti borí ìgbà báyìí báyìí" yẹn máa ń bí mi nínú díẹ̀, kí n má tàn yín. Bí ẹni pé òun nìkan ló wà lórí pápá. QB ò sí níbẹ̀ nígbà tí ẹgbẹ́ kejì bá gbé bọ́ọ̀lù, orí bẹ́ǹṣì ló wà tó ń mu omi. Ní January 23, 2022, Josh Allen, QB Bills, ju touchdown mẹ́rin nígbà tí wọ́n ń bá Chiefs ṣeré, gbogbo mẹ́rẹ̀ẹ̀rin Gabriel Davis ẹlẹgbẹ́ ẹ̀ ló mú un, yáàdì 329, wọn ò já ìkankan gbà, ó ku ìṣẹ́jú àáyá 13 péré kí géèmù parí tíìmù ẹ̀ sì ń fi mẹ́ta lé iwájú. Ìṣẹ́jú àáyá 13! Ìyẹn tó fún Patrick Mahomes, QB Chiefs, láti gbé bọ́ọ̀lù débi tí wọ́n ti lè gbá a wọlé, wọ́n dọ́gba, àfikún àkókò dé, wọ́n ta owó ẹyọ, Chiefs borí nínú owó ẹyọ, wọ́n lọ tààrà, touchdown, géèmù parí, 42 sí 36. Allen ò fọwọ́ kan bọ́ọ̀lù nínú àfikún àkókò yẹn rárá. Nínú ìwé, ó fìdí rẹmi. Ọ̀rọ̀ yẹn ká NFL alára lára débi pé ọdún yẹn kan náà ni wọ́n yí òfin padà fún playoff (àwọn géèmù àṣekágbá ọdún), pé tíìmù méjèèjì gbọ́dọ̀ kan bọ́ọ̀lù, nígbà tó sì di 2025 wọ́n fi kan àwọn géèmù tó máa ń ṣáájú playoff náà. Nítorí náà tẹ́nìkan bá ní Allen ló jẹ́ kí wọ́n pàdánù lálẹ́ ọjọ́ yẹn, ẹ ní kó sọ ibi tó ti ṣe é.

Ó yá, ẹ jẹ́ ká dé ibi nọ́ńbà, torí ibẹ̀ ni wọ́n ti ń fi ojú àwọn tí ò mọ̀ gbolẹ̀ jù. Nọ́ńbà tẹ́ ẹ máa rí lẹ́gbẹ̀ẹ́ orúkọ QB lẹ́yìn géèmù ni passer rating. NFL ti ń lò ó láti 1973. Nǹkan mẹ́rin péré ló ń wò: nínú bọ́ọ̀lù tó jù, mélòó ni wọ́n mú, yáàdì mélòó ni ìjù kọ̀ọ̀kan mú wá, touchdown mélòó ló wà níbẹ̀, mélòó ni wọ́n já gbà. Ibi tó ga jù tó lè dé ni 158.3, ẹ má bi mí pé kí ló dé tí kì í ṣe 100, bí ìṣirò yẹn ṣe ń jáde nìyẹn. Ẹ wá gbọ́ èyí tó ń pa mí lẹ́rìn-ín: tí QB kan bá dìde láti ìbẹ̀rẹ̀ géèmù dé òpin, tó jẹ́ pé gbogbo bọ́ọ̀lù tí wọ́n bá fún un ilẹ̀ ló ń là á mọ́, wọn ò mú ìkankan, wọn ò já ìkankan gbà, ó máa gba 39.6. Ẹ ṣírò ó fúnra yín, apá mẹ́ta á jẹ́ òdo, apá interception á fún un ní 2.375 tó pé, ẹ pín in sí mẹ́fà, ẹ wá fi 100 sọ ọ́ di púpọ̀. Ẹni tó gbìyànjú tí wọ́n já bọ́ọ̀lù mẹ́rin gbà lọ́wọ́ ẹ̀ lè gba èyí tó kéré sí ti ẹni tó ń la bọ́ọ̀lù mọ́lẹ̀. Torí náà tẹ́nìkan bá ju rating sí yín lójú, ẹ má sá, ẹ kàn bi í pé kí ni nọ́ńbà yẹn ò kà.

Ohun tí kò kà pọ̀. Kò ka bí wọ́n ṣe ń gbé e ṣubú kó tó ju bọ́ọ̀lù, èyí tí wọ́n ń pè ní sack. Kò ka bọ́ọ̀lù tó bọ́ lọ́wọ́ ẹ̀, kò sì ka yáàdì tó fẹsẹ̀ ara ẹ̀ sá. Ẹ wo Jalen Hurts, QB Eagles, nínú Super Bowl February 2023, ó fẹsẹ̀ gbé touchdown mẹ́ta wọlé, ó sá 70 yáàdì, passer rating ò mọ̀ pé ó ṣe bẹ́ẹ̀. Nínú géèmù yẹn kan náà, bọ́ọ̀lù bọ́ lọ́wọ́ ẹ̀ láìjẹ́ pé ẹnìkan gbá a mú dáadáa, Nick Bolton ti Chiefs he é, ó gbé e sá lọ wọlé. Mẹ́ta ni Eagles fi pàdánù, 38 sí 35. Ìyẹn náà kò sí nínú rating. Ṣẹ́ ẹ wá rí i pé ẹni tó fẹ́ gbè é àti ẹni tó fẹ́ bú u, nọ́ńbà yìí ò ran ìkankan nínú wọn lọ́wọ́ níbẹ̀. ESPN gbé tiwọn jáde ní 2011, QBR, òdo sí 100, ìyẹn ń gbìyànjú láti ka ẹsẹ̀ sísá àti sack àti bí géèmù ṣe rí lásìkò yẹn, ṣùgbọ́n wọn ò tú gbogbo inú ẹ̀ síta kẹ́ ẹ lè ṣírò ó nílé, nítorí náà ẹ lò ó bí ẹlẹ́rìí kan, ẹ má fi ṣe adájọ́.

Yáàdì náà ní ẹ̀tàn tiẹ̀. QB lè ta bọ́ọ̀lù sẹ́gbẹ̀ẹ́, ẹ̀yìn ìlà gan-an, yáàdì òdo, kí ọmọkùnrin tó mú un wá yẹ̀ sọ́tùn-ún yẹ̀ sósì kó sá 60 yáàdì, 60 ni wọ́n máa kọ fún QB. Ẹlòmíì á ju tiẹ̀ gba àárín èèyàn mẹ́ta kọjá, 45 yáàdì, ó ṣe wẹ́kú sórí èjìká receiver (ẹlẹgbẹ́ tó yẹ kó mú bọ́ọ̀lù), receiver á já a sílẹ̀, òdo ni wọ́n máa kọ. Àti ọ̀rọ̀ third down (ìgbìyànjú kẹta nínú mẹ́rin tí tíìmù ní láti fi yáàdì mẹ́wàá lọ síwájú), mo bẹ̀ yín, ẹ máa wò ó: tó bá ku yáàdì mẹ́sàn-án tí QB ju bọ́ọ̀lù yáàdì mẹ́rin, tí wọ́n mú un tí wọ́n sì gbé e ṣubú lójú ẹsẹ̀, nínú ìwé ó "pé", ìdá tí wọ́n mú ń ga sí i, bẹ́ẹ̀ tíìmù ti fẹ́ gbá bọ́ọ̀lù fún alátakò. Mo mọ QB tó fi irú bọ́ọ̀lù bẹ́ẹ̀ jẹun ọ̀pọ̀ ọdún, mi ò ní dárúkọ ẹ̀, torí sọ́pọ́tà ẹ̀ pọ̀ níbí.

Interception wá ni olórí ìjà. Tí wọ́n bá já mẹ́ta gbà lọ́wọ́ QB, ẹ má kàn pariwo mẹ́ta, ẹ tò wọ́n sílẹ̀ ní ọ̀kọ̀ọ̀kan kẹ́ ẹ bi pé ta ló ni í. Èyí tó wò tó rí ẹni alátakò tó dúró síbẹ̀ tó sì jù ú sí i láyà, tiẹ̀ ni, kò sí àwáwí. Èyí tó bá receiver lọ́wọ́ méjèèjì tó ta sókè tí wọ́n gbà, ti receiver ni. Èyí tó fi gbogbo agbára jù ní ìṣẹ́jú àáyá tó gbẹ̀yìn háfù bóyá Ọlọ́run á ṣe é, ìyẹn ò ṣe nǹkan kan fún ẹnikẹ́ni. Nínú Super Bowl tí mo ní Brady pàdánù yẹn, Nick Foles, QB Eagles, ní interception kan, ṣùgbọ́n tẹ́ ẹ bá wò ó lẹ́ẹ̀kejì, ọwọ́ Alshon Jeffery, receiver ẹ̀, ni bọ́ọ̀lù náà ti ta sókè kí Patriots tó mú un. Nathan Peterman, QB Bills, November 2017, wọ́n já bọ́ọ̀lù márùn-ún gbà lọ́wọ́ ẹ̀ láàárín háfù àkọ́kọ́ nìkan, géèmù àkọ́kọ́ tó máa bẹ̀rẹ̀ ní NFL nìyẹn, ọ̀rọ̀ náà sì ti di àwàdà títí dòní. Èyí àkọ́kọ́ nínú márùn-ún yẹn, ọwọ́ ẹlẹgbẹ́ ẹ̀ ló ti ta kúrò. Mi ò sọ pé kẹ́ ẹ dá a láre o, mẹ́rin ṣì kù. Mò ń sọ pé ẹni tó bá mọ èyí tó ta lọ́wọ́ ẹlòmíì, òun làwọn èèyàn máa dákẹ́ gbọ́.

Kẹ́ ẹ má sì gbàgbé òdìkejì ẹ̀, bọ́ọ̀lù tó yẹ kí wọ́n já gbà tí alátakò sọ ọ́ nù. Ìyẹn ò sí nínú ìwé kankan. QB lè ju irú ẹ̀ mẹ́ta lọ́sàn-án kan, kó parí pẹ̀lú interception òdo, kí gbogbo ayé máa kí i kú iṣẹ́. Tẹ́ ẹ bá ń wo géèmù, ẹ fi ìka ka irú àwọn bọ́ọ̀lù bẹ́ẹ̀, ohun ìjà gidi ni tó bá di alẹ́, pàápàá tó bá jẹ́ QB tíìmù kejì.

Ibi tí mo fẹ́ kẹ́ ẹ fojú sí jù ló kàn yìí. Wọ́n ní amúkùn-ún, ẹrù rẹ wọ́, ó ní òkè lẹ̀ ń wò, ẹ ò wo ìsàlẹ̀. Gbogbo wa, òkè là ń wò: bọ́ọ̀lù, bó ṣe ń fò, ta ló mú un. Ìsàlẹ̀ ni àwọn géńdé márùn-ún tó dúró níwájú QB wà, àwọn tó tóbi bí ilẹ̀kùn, tẹ́nìkan kì í dárúkọ wọn àfi tí wọ́n bá ṣe àṣìṣe. Super Bowl February 2021 ni kẹ́ ẹ fi kọ́ ọ. Mahomes lòdì sí Brady, tó ti kúrò ní Patriots lọ sí Buccaneers, Buccaneers na Chiefs 31 sí 9, Mahomes ju bọ́ọ̀lù 49, wọ́n mú 26, touchdown òdo, wọ́n já méjì gbà. Ọjọ́ kejì gbogbo ènìyàn ní agbára ẹ̀ ti tán, pé ìtànjẹ ni tẹ́lẹ̀. Àwọn méjì tó yẹ kó ṣọ́ ẹ̀gbẹ́ ẹ̀, Eric Fisher lápá òsì àti Mitchell Schwartz lápá ọ̀tún, àwọn méjèèjì ò sí lórí pápá, wọ́n ti fara pa. Àwọn Buccaneers há a mọ́, wọ́n sì lé e káàkiri ní ìgbà 29, Super Bowl kankan ò tíì rí irú ẹ̀ rí.

Bọ́ọ̀lù kan wà níbẹ̀, quarter kẹrin (ìdá ìkẹyìn nínú mẹ́rin tí wọ́n pín géèmù sí), fourth down, ìgbìyànjú ìkẹyìn. Mahomes sá sẹ́yìn, ó sá sí ẹ̀gbẹ́, ẹnìkan ti di ẹsẹ̀ ẹ̀ mú, ó ti ń ṣubú lọ, ara ẹ̀ ti nà gbalaja sínú afẹ́fẹ́ bí ẹni tó sùn sórí bẹ́ẹ̀dì, ikùn sílẹ̀, ó ṣì fi ọwọ́ nìkan ta bọ́ọ̀lù náà, bọ́ọ̀lù yẹn fò lọ tààrà ó lọ bá Darrel Williams ẹlẹgbẹ́ ẹ̀, irin ojú àṣíborí ẹ̀ ló gbá. Williams ò mú un. Nínú ìwé: ìjù kan, wọn ò mú un. Mo ti wo ìjù yẹn tó ìgbà ogún, ó wà lára ohun tó dáa jù tí mo tíì rí kí ènìyàn fọwọ́ ṣe, ó sì wà lára nọ́ńbà tí wọ́n fi bú u.

Nítorí náà, nǹkan tẹ́ ẹ máa ṣe nìyí. Tí bọ́ọ̀lù bá ti kan QB lọ́wọ́, ẹ máa ka ení, èjì, ẹ̀ta jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́, ẹ má kánjú. Tẹ́ ẹ ò tíì ka ẹ̀ta tán tí ẹnìkan ti wà láyà ẹ̀, ẹjọ́ àwọn márùn-ún iwájú nìyẹn. Tẹ́ ẹ bá ti ka ẹ̀rin tó ṣì di bọ́ọ̀lù mú bí ẹni tó gbé owó àjọ, ẹjọ́ ara ẹ̀ nìyẹn, torí QB máa ń fọwọ́ ara ẹ̀ fa sack, àwọn sọ́pọ́tà ẹ̀ ò sì ní sọ bẹ́ẹ̀ fún yín. Ibi tó lè tàn yín jẹ ni tí gbogbo receiver bá wà lábẹ́ àhámọ́ tí kò sí ẹni tó lè jù ú sí, ìyẹn ò hàn lórí tẹlifíṣọ̀n torí kámẹ́rà máa ń sún mọ́ QB, a kì í rí ọ̀ọ́kán. Wọ́n ní fídíò kan tí wọ́n ń pè ní All-22, tó ń fi gbogbo èèyàn méjìlélógún hàn láti òkè lẹ́ẹ̀kan náà, òun làwọn kóòṣì ń wò. Tẹ́ ẹ bá rí i wò, ẹ dá a dúró níbi tí ẹsẹ̀ ẹ̀yìn QB ti fẹsẹ̀ múlẹ̀, kẹ́ ẹ wá wò bóyá ẹnìkan wà lófo. Ìròyìn ò tó àfojúbà. Tẹ́ ẹ ò bá sì rí i wò, kò burú, ṣùgbọ́n ẹ má búra pé "ẹnìkan wà lófo, kò rí i", ẹ̀yin náà ò rí i.

Àkókò tí nọ́ńbà wọlé náà ṣe pàtàkì. Super Bowl February 2025, tẹ́ ẹ bá ka ìwé nìkan ẹ máa ní Mahomes ò burú: 21 nínú 32, yáàdì 257, touchdown mẹ́ta, wọ́n já méjì gbà, rating 95.4. Ta ló máa bínú sí ìyẹn? Ẹni tó wò ó ni! Eagles ti gba 34 kí Chiefs tó gba ẹyọ kan, Cooper DeJean ti Eagles ti já bọ́ọ̀lù ẹ̀ gbà ó ti gbé e wọlé, nígbà tó ti di 40 sí 6 tí àwọn ará ibẹ̀ ti ń jó ni touchdown méjì nínú mẹ́ta yẹn wọlé. 40 sí 22 ló parí. Yáàdì òkú ọjà ni mo máa ń pe irú ẹ̀. Síbẹ̀ ẹ tún wo ìsàlẹ̀: wọ́n gbé e ṣubú ìgbà mẹ́fà lọ́jọ́ yẹn, Eagles ò sì blitz (kí wọ́n fi èèyàn kún àwọn tó ń lé QB) lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, àwọn èèyàn wọn tó wà níwájú nìkan tó wọn. Wàyí, ṣé ó ṣeré burúkú ni àbí wọ́n jẹ ẹ́ níyà? Èmi sọ pé méjèèjì, tẹ́nìkan bá sì ní ọ̀kan péré ni mo gbọ́dọ̀ mú, n ò ní mú un.

Ọ̀rọ̀ kóòṣì, mi ò ní pẹ́ níbẹ̀. February 2015, Seahawks lòdì sí Patriots, ó ku yáàdì kan kí Seattle wọlé gba ife, second down, Marshawn Lynch tó ń fi orí gbá èèyàn ṣubú wà níbẹ̀, wọ́n ní kí Russell Wilson, QB wọn, jù ú. Malcolm Butler ti Patriots, ọmọ tuntun tí tíìmù kankan ò mú nínú draft (ibi tí àwọn tíìmù ti ń yan ọmọ tuntun), já a gbà, 28 sí 24, ó parí. Orí Pete Carroll, kóòṣì Seahawks nígbà yẹn, ni gbogbo ayé dà á lé, pé kí ló dé tí kò fún Lynch. Ṣé ẹ lè ní kóòṣì ló pàṣẹ kẹ́ ẹ wá fọ Wilson mọ́ tónítóní? Èmi ò rò bẹ́ẹ̀. Àṣẹ jẹ́ ti kóòṣì, ìjù jẹ́ ti Wilson, sísá tí Butler sá wọ iwájú receiver yẹn jẹ́ ti Butler, ó sì dáa gan-an ni. Ẹ pín in sí mẹ́ta, kẹ́nikẹ́ni má gbé gbogbo ẹ̀ lọ sílé.

Nísìnyí, bẹ́ ẹ ṣe máa bá èèyàn sọ ọ́. Ẹ yé lo "ó dáa" àti "kò dáa", ẹ mú ìjù kan pàtó wá. Tẹ́nìkan bá ní QB yín kò wúlò, ẹ kàn bi í pé, "Èwo nínú ìjù ẹ̀? Quarter wo?" Ẹ ó rí i bí nǹkan ṣe máa parọ́rọ́. Púpọ̀ nínú wọn, fídíò ìṣẹ́jú méjì ni wọ́n wò. Tó bá jẹ́ ẹ̀gbọ́n yín tàbí ẹnìkan tó jù yín lọ ló ń sọ̀rọ̀, ẹ mọ bẹ́ ẹ ṣe máa gbé e, ẹ ní, "Ẹ̀gbọ́n, ẹ má bínú sí mi, third down tẹ́ ẹ̀ ń wí yẹn, ṣé kì í ṣe pé ọwọ́ receiver ló ti bọ́ ni?" Ẹ ti sọ ọ́, ẹ ò rí wọn fín. Tí wọ́n bá sì fèsì tó lóòótọ́ nínú, ẹ gbà fún wọn kíákíá, "ẹ sòótọ́ níbẹ̀ yẹn", torí ẹni tó bá gbà níbi kan ni wọ́n máa gbà gbọ́ níbi kejì. Mo kọ́ èyí pẹ̀lú ìtìjú. Mo ti fi odidi alẹ́ kan bá ẹnìkan jà lórí Foles àti Brady, mo ní Brady ló dáa jù níbẹ̀, nọ́ńbà wà lọ́wọ́ mi, rating 115.4 sí 106.1. Onítọ̀hún kò pariwo rárá. Ó kàn ní, "Wọ́n ju bọ́ọ̀lù sí QB méjèèjì lọ́jọ́ yẹn. Èwo ló mú tiẹ̀?" Lóòótọ́, Danny Amendola, ẹlẹgbẹ́ Brady, ju bọ́ọ̀lù sí i, kò sí ẹnìkankan nítòsí ẹ̀, ó já a sílẹ̀. Nígbà tó kù díẹ̀ kí háfù parí, fourth down, yáàdì kan, Trey Burton, ẹlẹgbẹ́ Foles, ju tiẹ̀ sí Foles, ó mú un, touchdown. Rating ò ka ìkankan nínú méjèèjì. Mo wo fóònù mi, mo wo òkè ilé, mo dákẹ́.

Ìdánwò kan tún wà tí mo máa ń ṣe fún ara mi, torí ọmọ ẹni kì í ṣèdí bẹ̀bẹ̀rẹ̀ ká fi ìlẹ̀kẹ̀ sídìí ọmọ ẹlòmíì, gbogbo wa là ń gbè sẹ́yìn ẹnìkan. Tí mo bá ti fẹ́ sọ ọ̀rọ̀ kan nípa QB tíìmù mi, màá kọ́kọ́ fi orúkọ QB tí mo kórìíra jù sí i, màá wá tún gbólóhùn yẹn kà nínú ọkàn mi. "Kì í ṣe ẹjọ́ ẹ̀, wọn ò dáàbò bò ó." Ṣé màá sọ bẹ́ẹ̀ fún ẹni tí mo kórìíra yẹn? Tí ọ̀rọ̀ bá ń há mi lọ́fun, ojúsàájú ni mò ń ṣe. Ìgbà míì mo máa ń ṣe é náà ṣáá, àmọ́ ó kéré tán mo mọ̀.

Ẹ má sì ti ẹjọ́ pa lọ́jọ́ Sunday. NFL ń fipá mú tíìmù láti sọ àwọn tó fara pa, ìwé náà sì máa ń bẹ̀rẹ̀ sí í jáde lọ́jọ́ Wednesday fún géèmù ọjọ́ Sunday tó ń bọ̀, ibẹ̀ lẹ máa ti rí i pé èjìká ẹni tẹ́ ẹ̀ ń bú pé kò lè ju bọ́ọ̀lù jìnnà ti wú. Lẹ́yìn Super Bowl 2021 yẹn, èyí tí mo sọ pé wọ́n lé Mahomes káàkiri, ọ̀sẹ̀ yẹn kan náà ni wọ́n gbé e lọ sórí bẹ́ẹ̀dì dókítà fún iṣẹ́ abẹ. Ìka ẹsẹ̀ ẹ̀ ni. Láti géèmù Browns, nínú playoff yẹn kan náà, ló ti fi í ṣèṣe, òun náà ló sì ń gbé sá níwájú Buccaneers títí ilẹ̀ fi ṣú.